4Runner àtijọ́ tí mo fẹ́ fi máa gun àpáta l'Abẹ́òkúta: kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe sí i?

ỌmọÀdìgbẹ

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Mo ní 4Runner ọdún 1998 kan, ẹ́ńjìnnì V6 3.4, gíà ọtomátíìkì, èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè fà. Ara rẹ̀ ṣì le, ìpẹtà kò tíì wọ ṣáásí. Ohun tí mo fẹ́ fi í ṣe ni gígun àpáta. Kì í ṣe eré inú ẹrẹ̀, kì í ṣe ti yanrìn. Mo fẹ́ kó máa rọra lọ, táyà kan lẹ́yìn òmíràn, lórí òkúta tó ga tó orúnkún, bí wọ́n ṣe ń ṣe é l'Amẹ́ríkà. A ò sì lè máa gbé Abẹ́òkúta ká ní a ò rí àpáta.

Mo gbé e lọ síbi àpáta kan lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá. Kò tíì gun ibì kan tí táyà iwájú lápá òsì fi kúrò nílẹ̀, tó ń yí lófo, ti ẹ̀yìn lápá ọ̀tún náà ń yí, méjì yòókù dúró gbagidi. Bí mo ṣe ń fà á sẹ́yìn, fútúbọ́ọ̀dù gbá òkúta, ó ká wọ abẹ́ ilẹ̀kùn.

Mẹkáníkì kan ní kí n gbé ọkọ̀ sókè ní íńṣì 6, kí n wọ̀ ọ́ ní táyà 35, èyí tó ga tó íńṣì 35. Ẹlòmíràn ní kí n jó dífù ẹ̀yìn (eyín tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì) pọ̀, pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa parí sí. Owó mi ò lè ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Inú ọgbà ilé ni n ó ti máa ṣe é lópin ọ̀sẹ̀. Mo ní jáàkì, sípánà tó pé, àti ẹ̀rọ ìgé irin. Ọkọ̀ yìí kan náà ni mo ń gbé lọ síbi iṣẹ́ l'Ókè-Mọ́sàn. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

AjórinLáfẹ́nwá

Gbé e sókè ná, àbúrò. Ọkọ̀ tí abẹ́ rẹ̀ bá ń kan òkúta kò lè gun nǹkan kan. Mo ti gé irin róbótó sórí sípíríǹgì fún àwọn tó ń kó gẹdú, ó sì ń gbé wọn. Íńṣì 6 ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n 4 dára. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni.

DífùÀtiGíà

Ẹ̀gbọ́n Ajórin, ẹ má bínú, mi ò gbà.

Ọkọ̀ yìí kì í ṣe Hilux ayé àtijọ́. Iwájú rẹ̀ kò ní axle gbọọrọ kan ṣoṣo, irin tó so táyà méjèèjì pọ̀. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró, ṣáfúùtì kékeré méjì tó ní CV joint, oríkèé tó ń jẹ́ kó lè máa yí bó tilẹ̀ tẹ̀, ló ń gbé agbára lọ sí táyà. Tí ẹ bá gbé iwájú ga ju íńṣì 2 sí 2 ààbọ̀ lọ, ṣáfúùtì yẹn á dà gẹ̀rẹ́ jù. Rọ́bà rẹ̀ á ya, gíríìsì á dà nù, CV á bẹ̀rẹ̀ sí ké. Ọjọ́ tó bá wá yí sítíárìn dé òpin lórí òkúta tó tún tẹ iná, á já síbẹ̀.

Ẹ̀yìn ló ní axle gbọọrọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò ni pé tí ẹ bá fi irin íńṣì 10 sórí sípíríǹgì ẹ̀yìn, orí dífù ò ní kúrò níbi tó wà. Àárín táyà méjì ni axle wà. Táyà nìkan ló lè gbé e ga. Tí táyà tuntun bá fi íńṣì 2 tóbi ju ti tẹ́lẹ̀, dífù á fi íńṣì 1 péré ga. Ṣáásí àti ara ọkọ̀ ni sípíríǹgì ń gbé sókè, wọ́n sì ń gbé ìwúwo ọkọ̀ lọ sókè pẹ̀lú. Lórí àpáta tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìyẹn ló ń yí ọkọ̀ dànù.

ỌmọÀdìgbẹ, kó o tó ná kọ́bọ̀, wo bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ìsàlẹ̀ níwájú, oríkèé tó so táyà mọ́ apá irin abẹ́ ọkọ̀. Lórí 4Runner 1996 sí 2002, bí wọ́n ṣe tò ó ni pé ìwúwo ọkọ̀ ń fà á yọ, kò tẹ̀ ẹ́ wọlé. Tó bá ti jẹ tán, ó lè yọ lójijì, táyà á sì ká sábẹ́ ọkọ̀. Gbé táyà kúrò nílẹ̀, fi irin gígùn gbé e sókè sódò kí ẹnì kejì máa wo jọ́ìntì náà. Tó bá mì díẹ̀ báyìí, pààrọ̀ rẹ̀, kó o pààrọ̀ bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó dè é mọ́ ọn. Tuntun ni kó o rà. Má gba èyí tí wọ́n tún ṣe.

Ẹ̀gbáNíSacramento

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Apá Sacramento ni mo ń gbé, kò sì jìnnà sí Rubicon Trail, ọ̀nà àpáta tó gùn tó nǹkan bíi máìlì 22 láàárín àwọn òkè Sierra Nevada, láti ìhà Georgetown títí dé ìhà Lake Tahoe. Granite ló pọ̀ níbẹ̀, irú òkúta tó wà nílé lọ́dọ̀ wa. Mo máa ń rí 4Runner ayé yẹn níbẹ̀, wọ́n sì ń jáde láyọ̀. Kì í ṣe gíga ló ń mú wọn jáde.

Ohun àkọ́kọ́ ni bí ọkọ̀ ṣe lè rọra rìn tó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti ọkọ̀ rẹ. Gíà kìíní ọtomátíìkì rẹ jẹ́ 2.804. Gíà kékeré, L4, jẹ́ 2.566. Ká ní dífù rẹ jẹ́ 4.10, tó o bá sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ síra wọn, wàá rí nǹkan bíi 29.5. Ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì á yí ní ìgbà 29 ààbọ̀ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ti mánúà, tí gíà kìíní rẹ̀ jẹ́ 3.83, á dé 40. Àwọn tó fi iṣẹ́ yìí ṣe ayé ń wá 60 sókè, ṣùgbọ́n kọ́ńfátà inú gíà ọtomátíìkì máa ń fi agbára kún un nígbà tí ọkọ̀ bá ń rákò, nítorí náà 29.5 kò burú fún ìbẹ̀rẹ̀. Wàyí o, wọ̀ ọ́ ní táyà 35 tí mẹkáníkì yẹn ń sọ, dípò 265/70R16 tó bá a wá, tó ga tó íńṣì 30.6: 29.5 yẹn á dà bíi 26. O ti ra táyà olówó gọbọi láti fi dín agbára ara rẹ kù.

Tó bá jẹ́ tèmi, táyà tó dáa tí kò tóbi jù àti afẹ́fẹ́ rẹ̀ ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, irin ààbò abẹ́ àti ti ẹ̀gbẹ́. Ibi tí wọ́n ti lè fi okùn fà ọ́ yọ, níwájú àti lẹ́yìn, kí wọ́n dè é mọ́ ṣáásí. Lẹ́yìn ìyẹn ni dífù lọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, ohun tó ń di táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè jọ yí. Gíga íńṣì 2 ló kẹ́yìn, nítorí táyà, kó má baà máa ha ara.

Èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́: tú sítàbíláísà ẹ̀yìn, irin tó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, nígbà tó o bá dé ibi òkúta. Ẹsẹ̀ á lè sọ̀ kalẹ̀ dáadáa, táyà á sì pẹ́ kó tó kúrò nílẹ̀. Dè é padà kó o tó bọ́ sí títì o.

Ìyá_Ọlọ́jíìpù

Àlàyé yín dára, ẹ̀gbọ́n Sacramento, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ sọ. Kó ta 4Runner yẹn. Nissan Patrol Y60 ni mò ń gùn, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1987. Axle gbọọrọ níwájú, axle gbọọrọ lẹ́yìn, sípíríǹgì róbótó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí òkúta bá gbé táyà ọ̀tún sókè, á ti ti òsì mọ́lẹ̀. Ohun tí ẹ ń fi owó wá lórí 4Runner, ilé iṣẹ́ ti ṣe é sábẹ́ Patrol látilẹ̀ wá. Iwájú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá dúró dára fún ọ̀nà Ìbàdàn. Ti òkúta yàtọ̀.

DífùÀtiGíà

Òótọ́ lẹ sọ nípa axle, àǹtí. Ṣùgbọ́n Patrol tó wà nígboro báyìí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ṣiṣẹ́ ilé iṣẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó wúwo ju 4Runner lọ, á sì náwó kó tó padà sípò. Arákùnrin yìí ní ọkọ̀ tí ṣáásí rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, ó sì tún fẹ́ fi lọ síbi iṣẹ́. Kó lo ohun tó ní.

ỌmọÀdìgbẹ

Ẹ ṣé o. Àǹtí, mi ò ní tà á, ẹ má bínú sí mi. Mo ti wo bọ́ọ̀lù jọ́ìntì: ti apá òsì ń mì. N ó pààrọ̀ méjèèjì kó tó jáde nílé mọ́.

Kí lẹ wá rí sí dífù jíjó pọ̀? Owó tó ń ná kò tó nǹkan, ìyẹn ló ń wọ̀ mí lójú.

AjórinLáfẹ́nwá

Èyí mo mọ̀ dáadáa. Wọ́n á tú orí dífù sílẹ̀, a ó jó àwọn eyín kékeré inú rẹ̀ pọ̀ mọ́ra wọn, táyà ẹ̀yìn méjèèjì á sì máa yí pọ̀ nígbà gbogbo. Bí ọ̀kan bá wà lófo, èkejì á ṣì máa tì. Ó ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń fa gẹdú ń ṣe é.

DífùÀtiGíà

Ó ń ṣiṣẹ́ nínú igbó, ẹ̀gbọ́n. Àwọn ọkọ̀ gẹdú yẹn kì í gba Ṣápọ́n kọjá láràárọ̀.

Bí ọkọ̀ bá ń ya kọ́nà, táyà òde ń rìn jìnnà ju ti inú lọ. Iṣẹ́ dífù ni láti gbà wọ́n láyè. Tó o bá jó o pọ̀, lórí títì ọ̀dà ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ máa fi ara họ ilẹ̀. Táyà á jẹ kíákíá, ọkọ̀ á máa fò ní kọ́nà, ṣáfúùtì ẹ̀yìn á máa lọ́ títí á fi já. Nígbà òjò, ẹ̀yìn ọkọ̀ lè yọ̀ lọ lójijì. Àwọn ọmọ wà lẹ́bàá títì, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó fẹ́ fi ọkọ̀ kan náà lọ síbi iṣẹ́ kò gbọdọ̀ jó dífù pọ̀.

Kó o tó ra lọ́ọ̀kì, ohun kan wà tí kò náni ní kọ́bọ̀. Iye kan náà ni dífù lásán ń fún táyà méjèèjì: èyí tó wà lófo kò gba agbára, nítorí náà èyí tó wà nílẹ̀ náà kò ní rí ju ìwọ̀nba yẹn lọ. Nígbà tí táyà bá ń yí lófo, fi ẹsẹ̀ òsì tẹ búréèkì díẹ̀díẹ̀, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún sì wà lórí iná. Búréèkì á di táyà tó ń sáré yẹn mú, agbára á sì dé ọ̀dọ̀ ìkejì. Bí o bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ níbi tó o há sí lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá, ó ṣeé ṣe kó o ti kọjá.

Ẹ̀gbáNíSacramento

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Èmi náà kò fara mọ́ jíjó o pọ̀ fún ọkọ̀ tó ń rin títì. Àwọn lọ́ọ̀kì kan wà tí wọ́n ń fi sínú ilé dífù tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, dípò àwọn eyín kékeré yẹn. Wọ́n máa ń di táyà méjèèjì pọ̀ nígbà tí agbára bá dé, wọ́n sì máa ń tú sílẹ̀ fúnra wọn ní kọ́nà. Wọ́n ń pariwo díẹ̀, èèyàn á sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mú tí wọ́n ń tú. Ṣùgbọ́n èyí tó dára jù fún ọ ni lọ́ọ̀kì oníná tí Toyota fúnra rẹ̀ fi sí ẹ̀yìn àwọn 4Runner kan láyé yẹn. Bọ́tìnnì ni. Lórí títì, dífù lásán ni. Lórí òkúta, o tẹ bọ́tìnnì.

Ìyá_Ọlọ́jíìpù

Irú rẹ̀ wà ní Ládípọ̀. Mo ti rí i rí níbi tí wọ́n to àwọn dífù tòkunbọ̀ sí. Kó ra orí dífù náà, kó fi bọ inú tirẹ̀, ó parí.

DífùÀtiGíà

Kò rí bẹ́ẹ̀, àǹtí mi. Orí dífù tó ní lọ́ọ̀kì oníná kò wọ inú axle tí kò bá a wá. Ẹnu ibi tí wọ́n ń dè é mọ́ yàtọ̀, mọ́tọ̀ rẹ̀ náà sì ń wá àyè. Axle lódindi ni kó rà, láti ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀, pẹ̀lú mọ́tọ̀ náà àti ìrù wáyà rẹ̀. Kí wọ́n má gé wáyà yẹn kúrú. Kó fi bátìrì dán mọ́tọ̀ náà wò níbẹ̀ kó tó sanwó. Ó máa ń gan tó bá ti pẹ́ tí wọn ò lò ó.

Èkejì, tó sì ṣe pàtàkì jù: nọ́ńbà dífù iwájú àti ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ bára mu. Bí tìrẹ bá jẹ́ 4.10 tó o lọ ra ẹ̀yìn 4.30, ọjọ́ tó o bá wọ gíà táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, iwájú àti ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí bá ara wọn jà títí nǹkan á fi fọ́. Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n ní ọjà: di táyà kan mú kó má yí, yí ìkejì ní ìlọ́po méjì gééré, kó o ka iye ìgbà tí ẹnu ṣáfúùtì gígùn yí. Tó bá yí ní ìgbà 4 tó fi díẹ̀ lé, bí ìdá mẹ́wàá kan, 4.10 ni. Tí díẹ̀ yẹn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta, 4.30 ni. Fi ṣọ́ọ̀kì pa ilà sí i lára kó má baà ṣì ọ́ kà.

FọkanáísàKútọ̀

Ẹ jẹ́ kí èmi sọ ti táyà, nítorí òun ló kan ilẹ̀.

285/75R16 tí wọ́n ń pè ní 33, íńṣì 32.8 ló jẹ́. Lórí 4Runner yẹn, á máa gbá ara nínú ihò táyà iwájú tó o bá yí sítíárìn dé òpin, wàá ní láti lu etí irin wọlé. 265/75R16, tó jẹ́ 31.6, máa wọlé láìgbé ọkọ̀ sókè rárá. Èmi á rà á lọ́wọ́ tó bá jẹ́ tèmi. Ẹ̀gbọ́n Sacramento, mo mọ̀ pé 33 lẹ̀yin ń lò lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n wíwá 33 mẹ́rin tó bára mu pẹ̀lú sípéà kan ní ọjà wa kò rọrùn.

Ẹ máa ka ọjọ́ orí táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára rẹ̀, lẹ́yìn lẹ́tà DOT: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019. Táyà tòkunbọ̀ lè ní eyín tó nípọn kí rọ́bà rẹ̀ sì ti gan. Lórí títì, ó lè fi ara mọ́. Lórí òkúta, tí ẹ bá ti dín afẹ́fẹ́ kù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa tẹ̀ á máa nà, ibẹ̀ ni rọ́bà gbígbẹ ti ń ya. Ẹ̀gbẹ́ táyà kò ṣeé lẹ̀.

Nípa afẹ́fẹ́: tí o bá ń lo géèjì 32 lórí títì, sọ ọ́ sí 18 kó o tó gun òkúta. Táyà á tẹ́, á di òkúta mú bí ọwọ́ ṣe ń di nǹkan mú. Má lọ sábẹ́ 15 pẹ̀lú rìímù lásán, nítorí etí táyà lè yọ kúrò lórí rìímù nígbà tó bá ń ti òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn tó ń lọ sí 8 tàbí 10 ní rìímù tí wọ́n fi bóòtù di etí táyà mọ́. Ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ń lo bátìrì ọkọ̀, kó o fún un padà kó o tó dé títì. Táyà tó tẹ́ tó ń sáré lórí ọ̀dà á gbóná títí á fi bẹ́.

Ìyá_Ọlọ́jíìpù

Ó dáa, ó ní òun ò tà á. Ẹ jẹ́ n wá ràn án lọ́wọ́.

Gíà ọtomátíìkì máa ń gbóná lórí òkúta, nítorí ọkọ̀ ń ti nǹkan tí kò rìn, afẹ́fẹ́ ò sì fẹ́ sí rédíétọ̀. Inú rédíétọ̀ kan náà ni ọ́ìlì gíà 4Runner ti ń tutù. Bí rédíétọ̀ bá ti gbó tí nǹkan inú rẹ̀ là, omi á wọ inú ọ́ìlì gíà, gíà á sì bàjẹ́ pátápátá. Ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù: bí o bá rí ohun tó dà bí mílíìkì tó ní àwọ̀ osùn, má tan ọkọ̀ yẹn mọ́. Ọdún 1998 ti pẹ́. Pààrọ̀ rédíétọ̀ náà, kó o sì fi ẹ̀rọ kékeré tó ń tu ọ́ìlì gíà lọ́tọ̀ síwájú rẹ̀. Màá ṣe ìyẹn ṣáájú dífù lọ́ọ̀kì.

Lórí òkúta, má fi òkúta sí àárín táyà méjì pé wàá gbójú fò ó. Táyà ni kó gun orí òkúta tó ga jù, nítorí òun ló lágbára láti gbà á. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa júwe ọ̀nà níwájú, níbi tó o ti ń rí ọwọ́ rẹ̀. Bí ẹni mẹ́ta bá ń kígbe, pa ẹ́ńjìnnì kó o kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì dúró ní ìsàlẹ̀ ibi tí ọkọ̀ lè yí sí.

AjórinLáfẹ́nwá

Mo ti gbọ́ ti sípíríǹgì, DífùÀtiGíà. Mo lọ wo abẹ́ 4Runner kan tó wà ní ìtòsí, mo rí CV tó o ń sọ. Íńṣì 2 náà ni mo gbà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ irin ààbò ẹ̀gbẹ́, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn. Fútúbọ́ọ̀dù tó bá ọkọ̀ wá, fún àtẹ̀wọlé nìkan ni. Ara ni wọ́n dè é mọ́. Tú u dànù. Páìpù dúdú onííńṣì kan ààbọ̀ ni ká lò, schedule 40, tí ara rẹ̀ nípọn tó mílímítà 3.7. Àwọn kan á mú páìpù omi wá, èyí tó ń dán, nítorí pé ó pọ̀ nílé. Mi ò ní fọwọ́ kàn án. Èéfín zinc ara rẹ̀ ń fún ajórin ní ibà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ojú ibi tí a bá jó kì í sì í dára.

Ẹsẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni kó ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Má jó ẹsẹ̀ páìpù mọ́ ara ṣáásí tààrà: irin ṣáásí kò nípọn tó bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí òkúta bá tì í, á lu ú wọlé. Gé irin pẹlẹbẹ mílímítà 5, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, jó o mọ́ ṣáásí kọ́kọ́, kó o sì yí igun rẹ̀ po kó má ní ẹnu mímú, lẹ́yìn náà kí páìpù jókòó lé e. Ojú ibi tí a ó jó, kí wọ́n họ ọ̀dà kúrò kó dán. Kí páìpù náà yọ síta ju ilẹ̀kùn lọ díẹ̀, kí àpáta lè ti ọkọ̀ kúrò dípò kó fọwọ́ pa ilẹ̀kùn.

Kí wọ́n tú orí bátìrì méjèèjì kí n tó tan maṣíìnì, kí wáyà ilẹ̀ mi sì wà nítòsí ibi tí mò ń jó. Kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì lè kú.

Irin abẹ́: mílímítà 5, tó tẹ́jú. Ẹ má ra irin oníbátànì tí wọ́n ń fi ṣe ilẹ̀ ọkọ̀ akẹ́rù, òkúta máa ń kọ́ ọ. Bóòtù ni ká fi dè é, kì í ṣe jíjó, kí mẹkáníkì lè tú u nígbà tó bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì.

Ẹ̀gbáNíSacramento

Iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n Ajórin júwe yìí, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí náà nìyẹn. Ẹ fi ihò díẹ̀ sí irin abẹ́ kí ẹrẹ̀ lè jáde. Ohun kan tí mo fẹ́ bẹ̀ yín: ẹnikẹ́ni kó má jó ohunkóhun tó jẹ mọ́ sítíárìn. Bí ọ̀pá sítíárìn bá ká, òmíràn ni kó rà.

Ará_Ọ̀dẹ̀dá

Mo ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń sọ, ẹnikẹ́ni ò tíì béèrè pé àpáta ta ni.

Àpáta tẹ́ ẹ ń rí lọ́nà wa, ó ní olóko. Orí àpáta pẹlẹbẹ yẹn làwọn ìyá wa ń sá láfún sí lọ́gbẹlẹ̀. Bí ọkọ̀ bá da ọ́ìlì síbẹ̀, oúnjẹ ló dà á lé. Àwọn òkúta mìíràn ní ojúbọ, àjèjì ò sì lè mọ̀ ọ́n. Olúmọ ńkọ́? Ibẹ̀ ni àwọn baba wa sá sí tí wọ́n fi tẹ ìlú yìí dó ní 1830. Kí ẹnikẹ́ni má gbé táyà sún mọ́ ọn.

Ẹ lọ rí baálẹ̀ àti olóko kí ẹ tó lọ. Ẹ lọ fúnra yín, ẹ má rán ẹlòmíràn. Ní ti ibi ìfọ́kúta, èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ń lo àdó olóró láti fọ́ àpáta. Ẹ má wọ ibẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Èyí tí wọ́n ti pa tì dára, òkúta ńláńlá wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn ín, nítorí kòtò tó kún fún omi máa ń wà níbẹ̀ tó jìn.

Ẹ jẹ́ kó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àpáta wa tó bá gbẹ, táyà ń di í mú dáadáa. Tí òjò bá ti rọ̀, èèhọ̀ tó wà lára rẹ̀ á yọ̀, kò sí táyà tó lè di í mú.

ỌmọÀdìgbẹ

Ẹ̀gbọ́n Ará Ọ̀dẹ̀dá, ẹ ṣé gan-an. N ó wá rí yín àti baálẹ̀ kí n tó tún gbé ọkọ̀ débẹ̀. Ibi tí mo lọ ní ọjọ́ yẹn, mi ò rí láfún, ṣùgbọ́n mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì dáa bẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe fẹ́ tò ó nìyí: bọ́ọ̀lù jọ́ìntì àti rédíétọ̀ lóṣù yìí. Táyà 265/75R16 márùn-ún tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà n ó wá bá yín ní Láfẹ́nwá, ẹ̀gbọ́n Ajórin. Axle tó ní lọ́ọ̀kì, nígbà tí owó bá dé. Sípíríǹgì ló kẹ́yìn, tó bá tiẹ̀ pọn dandan.

Ìbéèrè méjì ló kù. Ṣé mo lè fi búlọ́ọ̀kù gbé ọkọ̀ dúró nígbà tí mo bá wà lábẹ́ rẹ̀? Irú okùn wo ni ká fi máa fa ara wa yọ?

DífùÀtiGíà

Rárá! Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì lè fọ́ lójijì láìkọ́kọ́ sán. Jáàkì nìkan náà kò tó, rọ́bà inú rẹ̀ lè sọ̀ nígbàkígbà. Ra ẹsẹ̀ irin mẹ́rin, èyí tí wọ́n ń gbé abẹ́ ṣáásí. Kí ilẹ̀ ibẹ̀ le, kí táyà tó kù ní òkúta níwájú àti lẹ́yìn. Mi gbogbo ọkọ̀ náà pẹ̀lú ọwọ́ rẹ kó o tó wọ abẹ́ rẹ̀. Tó bá mì, jáde.

Bó o bá gbé sípíríǹgì sókè lọ́jọ́ kan, wo rọ́bà búréèkì ẹ̀yìn nígbà tí axle bá sọ̀ kalẹ̀ pátápátá. Tó bá nà gbọnrangandan, gígùn ni kó o rà.

Ìyá_Ọlọ́jíìpù

Okùn tó ń nà díẹ̀ ni kó o rà, èyí tí wọ́n hun fún fífa ọkọ̀, tó ju ìwúwo ọkọ̀ rẹ lọ ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta. Ṣéènì ò nà. Tó bá já, irin ló ń fò. Má sì kọ́ okùn sórí bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń fa tírélà. Ó máa ń já kúrò, ó sì ti pa èèyàn. Ìkọ́ tí wọ́n dè mọ́ ṣáásí nìkan ni. Kí àwọn tó ń wò ó jìnnà ju gígùn okùn náà lọ, kí wọ́n sì gbé aṣọ wúwo lé àárín okùn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí fà.

Patrol mi wà nílẹ̀. Nígbà tó o bá kọ́kọ́ jáde, pè mí. Ọkọ̀ kan ṣoṣo kì í lọ sórí àpáta.

AjórinLáfẹ́nwá

Kó o tó wá, fọ abẹ́ ọkọ̀ kí gbogbo ẹrẹ̀ kúrò, kó o sì tú fútúbọ́ọ̀dù nílé láti dín owó iṣẹ́ kù. Lẹ́yìn ìjáde àkọ́kọ́, mú un padà wá kí n wo ojú ibi tí a jó bóyá ó sán, kí n sì tún gbogbo bóòtù irin abẹ́ fún. N kò ní gba owó ìyẹn.